Máàkì Ọdún Kìíní àti Ilẹ̀kùn Yunifásítì

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Igbóbì, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó mọ̀ pé àdúgbò ìwé ni òun dé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì, tí ìjọ Àǹgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀, ti wà láti 1932. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Yábà, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Yabatech, kò jìnnà sí i. 1947 ni a dá a sílẹ̀. Bí a bá sì gba Ṣómólú àti Bárígà kọjá, a ó dé Akọka, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1967, tí Yunifásítì Èkó, ọmọ 1962, sì tẹ́ rẹrẹ sí etí ọ̀sà.

Nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ tí kò bá rí àyè ní Akọka lẹ́ẹ̀kan náà lè kọ́kọ́ lọ jókòó ní Yábà fún ọdún méjì, kí ó gba ìwé ẹ̀rí ND, kí ó sì ti ibẹ̀ rìn wọ yunifásítì. Èrò náà kò burú. Ìlànà fàyè gbà á, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó sì ti gba ọ̀nà yìí di ẹnjiníà, oníṣirò owó àti olùkọ́. Ohun tí a kì í sọ fún òbí, tí a kì í sì í sọ fún ọmọ títí omi yóò fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ni pé ọ̀nà Yábà sí Akọka, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn, lè ti dí mọ́ ọmọ náà láti oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ tí ó lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn, nítorí pé apá kan àtúnṣe rẹ̀ wà ní ọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí. Àjọ JAMB, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, ni ó ń ṣètò ìgbaniwọlé sí yunifásítì. Ẹni tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ girama bọ̀ yóò ṣe ìdánwò JAMB, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Ẹni tí ó ti ní ND, tàbí NCE, tàbí ìwé ẹ̀rí mìíràn tí ó ju ti girama lọ, yóò gba fọ́ọ̀mù tí a ń pè ní Direct Entry. Bí wọ́n bá gbà á, ọdún kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ND nìkan kò tó. Yunifásítì yóò béèrè pé irú ND wo ni. Ní àwọn pólítẹ́kíníìkì wa, àpapọ̀ máàkì tí ó ga jù lọ ni 4.00. Ẹni tí ó ní 3.50 sókè gba Distinction, láti 3.00 dé 3.49 jẹ́ Upper Credit, láti 2.50 dé 2.99 jẹ́ Lower Credit, láti 2.00 dé 2.49 jẹ́ Pass lásán. Upper Credit ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ṣe ààlà. Àwọn mìíràn ń gba Lower Credit fún ẹ̀kọ́ díẹ̀, àwọn ẹ̀kọ́ kan sì wà, bí ìmọ̀ ìṣègùn, tí ND kì í sábà ṣí ilẹ̀kùn wọn rárá. Níbi tí Upper Credit bá ti jẹ́ ààlà, ẹni tí ó ní 3.00 wà nínú ìlú, ẹni tí ó ní 2.99 wà ní ẹ̀yìn odi.

Níbo wá ni ìṣòro ti wọlé? Sáà mẹ́rin ni ND, méjì lọ́dún. Máàkì sáà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ó rò pọ̀ tí a ó sì pín. Sáà àkọ́kọ́, nígbà tí ọmọ kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìkàwé, wúwo bákan náà pẹ̀lú sáà ìkẹyìn tí ó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó, kí a kà á sí pé iye ẹ̀kọ́ inú sáà kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ọmọ tí ó bá ní 2.00 ní sáà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa ní 3.33 nínú sáà mẹ́ta tí ó kù kí àpapọ̀ rẹ̀ tó lè di 3.00. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ìwọ̀n pólítẹ́kíníìkì, máàkì 65 títí dé 69 nínú ọgọ́rùn-ún kò mú ju 3.25 wá. Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 65 mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa gun 70 nínú ẹ̀kọ́ mélòó kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ó le, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọdún kìíní lódindi ni ó fi ní 2.30, ohun tí yóò nílò ní ọdún kejì di 3.70. Bí ó bá jẹ́ 2.00 ni ó fi parí ọdún kìíní, ó di 4.00 geere, èyí tí í ṣe 75 sókè nínú gbogbo ẹ̀kọ́ láìsí ìkọsẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì. Ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ó ń jí ní ìdájí láti wọ ọkọ̀ wá láti Ìkòròdú tàbí Agége. Ilẹ̀kùn tí ó ń sáré lọ bá sì ti tì, láìsí ẹni tí ó wí fún un.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ènìyàn bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lè ba sáà jẹ́. Bí sáà kan bá ní yúníìtì 24, tí ọmọ sì ní 3.00 nínú 21, ṣùgbọ́n tí ó gba ohun tí ó dín sí 40 nínú ẹ̀kọ́ kan tí ó ní yúníìtì 3, òdo ni a ó kọ sí ẹ̀kọ́ náà, gbogbo sáà náà yóò sì já sí nǹkan bí 2.63. Ẹni tí ó yẹ kí ó wà ní orí ìlà ti bọ́ sílẹ̀ nítorí ìdánwò wákàtí méjì.

Ohun tí ó ń dùn wá jù lọ nìyí. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ méjì, kí a má sọ wọ́n ní orúkọ. Èkíní ní 2.20 ní sáà àkọ́kọ́, ó ní 2.50 ní èkejì, ó ní 3.30 ní ẹ̀kẹta, ó sì fi 3.60 parí. Èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3.60, ó wá sí 3.30, ó wálẹ̀ sí 2.70, ó sì fi 2.40 parí. Bí a bá ro tiwọn pọ̀, ti èkíní jẹ́ 2.90, ti èkejì jẹ́ 3.00. Èyí tí ó ń gòkè ni a ó tì sẹ́yìn. Èyí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni a ó mú lọ sí ọdún kejì yunifásítì, níbi tí iṣẹ́ ti le ju ti ibi tí ó ti ń bọ̀ lọ. Kò sí òbí Yorùbá kan tí kì í gbàdúrà kí alẹ́ ọmọ òun sàn ju òwúrọ̀ lọ. Ìṣirò tí a ń lò yìí ń fìyà jẹ ẹni tí àdúrà náà gbà fún.

A kò wá láti gbèjà ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ wà tí wọ́n dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òmìnira sì gùn wọ́n bí ọtí, tí wọ́n fi sáà àkọ́kọ́ lọ sí ibi ayẹyẹ, tí wọ́n sì ń pe olùkọ́ tí ó fún wọn ní ohun tí ọwọ́ wọn ṣe ní ìkà. Èyíkéyìí nínú ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwọn yòókù. Ẹgbẹẹgbẹ́ ni orúkọ àwọn tí a gbà máa ń jáde. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ìkẹyìn lè dé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ìwé dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí ibùsùn nínú ọgbà. Ẹlòmíràn béèrè fún ẹ̀kọ́ kan, òmíràn ni a fún un, ó sì gbà á nítorí pé ọdún ń lọ. Àwọn kan wà tí wọn kò fi ojú kan tábìlì ìyàwòrán ẹ̀rọ rí ní ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, ṣùgbọ́n tí a retí pé kí wọ́n yà á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí a bí sí ìdí rẹ̀.

Èyí tí ó tún burú ju gbogbo rẹ̀ ni pé èsì ìdánwò sáà àkọ́kọ́ kì í tètè jáde. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, sáà kejì a ti rìn jìnnà, nígbà mìíràn ìdánwò rẹ̀ a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kí ọmọ tó mọ ohun tí ó ní ní sáà kìíní. Báwo ni ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti jìn sí kòtò yóò ṣe wá àkàbà? Igbóbì yìí kan náà ni ilé ìwòsàn tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí ibi títo eegun wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́. Wọn kì í sọ fún ẹni tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kí ó máa rìn lọ, pé lẹ́yìn ọdún méjì ni wọn yóò tó sọ fún un bóyá eegun náà ti kán.

Àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìtàn Yábà kò ní í ṣàì rántí pé àríyànjiyàn lórí ìwé ẹ̀rí tí kò lè gbé ènìyàn kọjá ẹnu ibodè ti pẹ́ ní àdúgbò náà. Ní 1934 ni ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College ní gbangba. Ìwé ẹ̀rí abẹ́lé ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń fún ni. Kì í ṣe oyè yunifásítì. Ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn níbẹ̀ yóò di igbákejì lẹ́yìn dókítà tí ó ti òkè òkun dé. Ìbínú lórí ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó mú kí àwọn bí Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ tí ó padà di Nigerian Youth Movement ní 1936. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ kíyè sí i: ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wà nínú ohun tí ó bí i. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni a kó láti Yábà lọ síbẹ̀. Àwọn yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ti Yábà kọjá sí yunifásítì ní ilẹ̀ wa, odindi ilé ẹ̀kọ́ ni a sì ṣí ọ̀nà fún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ni ó wá ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ọ̀nà.

Ní Ìbàdàn yìí náà ni Chinua Achebe wà láàárín àwọn tí ó wọlé ní 1948. Ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ni ó gbé e débẹ̀, ìmọ̀ ìṣègùn ni ó sì wá kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan ó rí i pé kì í ṣe ọ̀nà òun, ó bọ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀sìn, ó sì pàdánù ẹ̀bùn owó náà. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lé e jáde. Ó gba oyè rẹ̀ ní 1953, ní ìpele kejì. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, gbogbo ayé sì mọ ìyókù. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ó ṣe ní ọdún tí ó fi kọ́ ìṣègùn ni a fi di ẹrù lé e lórí títí dé òpin, a kò lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ì bá já sí.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ìdáhùn tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní àyè kò tó. Àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn pọ̀ ju àwọn tí yàrá lè gbà lọ, ó sì yẹ kí ìlà kan wà. Wọ́n tún ní ọdún kejì ni ẹni Direct Entry ń bọ́ sí, kò sí ọdún kìíní tí yóò fi mú ara rẹ̀ le. Ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò ní Yábà, ìṣirò ẹnjiníà ní Akọka yóò gbé e ṣubú. Òtítọ́ ni èyí, a kò sì jiyàn rẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń ṣọ́ra: ìwé ẹ̀rí èké pọ̀ lọ́nà yìí débi pé ní 2023 JAMB gba ìforúkọsílẹ̀ Direct Entry kúrò ní ọwọ́ àwọn ilé ìdánwò aládàáni, ó sì ní kí gbogbo rẹ̀ máa wáyé ní ọ́fíìsì òun fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò kan ọmọ tí a sọ ní ìṣáájú. Bí ìbẹ̀rù yín bá jẹ́ pé kò mọ ìṣirò, ẹ wo ìṣirò tí ó ṣe ní ọdún kejì, kì í ṣe èyí tí ó ṣe nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé wá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí kò tan mọ́ ohun tí ó fẹ́ lọ kọ́ ni ó bà á jẹ́, kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ ẹ̀rọ? Ìlà tí ẹ fà kò níláti parẹ́. Ibi tí ẹ ń wò kí ẹ tó fà á ni a ń sọ.

Kì í sì í ṣe àwa ni a ó kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti kó ìlànà ẹ̀kọ́ wa wá, máàkì ọdún kìíní kì í sí nínú ohun tí a fi ń pinnu ìpele oyè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sáà ti yege ni ohun tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n gbà pé ọdún ìfarabalẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ni ẹgbàágbèje ọmọ tálákà ń gbà wọ yunifásítì. Ní ìpínlẹ̀ California, yunifásítì ńlá ti ìjọba ibẹ̀ fi 2.40 nínú 4.00 ṣe ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ fún ọmọ ìpínlẹ̀ náà tí ó fẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kọjá sí ọ̀dọ̀ wọn. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀ka tí èrò pọ̀ sí ń béèrè ohun tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ìlànà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ máàkì àtijọ́ tí kò dára kúrò nínú ìṣirò, bí ó bá ti fi iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn náà hàn pé òun ti yí padà. Máàkì náà yóò ṣì wà lójú ìwé kí gbogbo ayé lè rí i. Kò kàn ní í fa ẹni náà sẹ́yìn mọ́ ni. Nnamdi Azikiwe gan-an, Storer College tí ó wà ní West Virginia ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1925, kí ó tó bọ́ sí Howard, kí ó tó parí ní Lincoln ní 1930. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ènìyàn kan.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá, tí wọ́n ti mú Lower Credit tàbí Pass wálé, a fẹ́ kí òbí mọ̀ pé ayé kò tíì parí, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà wọ́n ní ìwé ẹ̀rí èké. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni HND. Pólítẹ́kíníìkì yóò gba Lower Credit pẹ̀lú ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó ní Pass yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán. Lẹ́yìn HND, yunifásítì ní ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní PGD, tí ènìyàn lè ti ibẹ̀ lọ sí oyè kejì. Ìkórìíra tí àwọn agbanisíṣẹ́ ní sí HND kò tíì lọ pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbádòfin ní 2021 pé kí a fi òpin sí i. Ní 2023, àjọ NBTE tí ń ṣàkóso àwọn pólítẹ́kíníìkì kéde ètò ọlọ́dún kan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwọn yunifásítì òkè òkun, láti sọ HND di oyè. A rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn kí ó wádìí owó rẹ̀ dáadáa kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí ọmọ padà lọ ṣe ìdánwò JAMB bí ẹni tí kò lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì rí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Ọdún méjì lọ, owó lọ, ṣùgbọ́n ìwé mọ́. Ọ̀nà kẹta ni ìdánwò ọlọ́dún kan bí IJMB, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń ṣàkóso, tàbí JUPEB, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 tí ibùdó rẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Èkó; ẹni tí ó bá yege nínú wọn lè béèrè fún ọdún kejì. Yunifásítì orí afẹ́fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, NOUN, náà wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì í pa ní 1984, tí a tún ṣí ní 2002. Ó wúlò fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́.

Ti àwọn ọmọ NCE dára díẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò, nítorí náà sáà àkọ́kọ́ kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ, ìṣẹ́ kíkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó ní yúníìtì 6, sì máa ń wáyé nígbà tí ọmọ ti gbọ́n. Àwa tí a gba ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kọjá mọ bí oṣù yẹn ti ń gba ọ̀pọ̀ là. Ti ẹni tí ó ti wà ní yunifásítì kan tí ó fẹ́ kọjá sí òmíràn ni ó le jù: ilé tí ó ń lọ yóò béèrè ìwé máàkì láti ilé tí ó ti ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba ẹni tí a ní kí ó máa lọ nítorí àìyege. Ọmọ tí ó bá rí i pé ilé kò gba òun, kí ó kọ́kọ́ tún máàkì rẹ̀ ṣe níbi tí ó wà kí ó tó di ẹrù.

Kí ni a wá ń fẹ́? Ohun àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí ọmọ bá wọlé, kí wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan tí ó ṣe àlàyé ìṣirò tí a ṣe lókè yìí, ní èdè tí òun àti òbí rẹ̀ lè kà, Yorùbá pẹ̀lú. Kí èsì sáà kìíní jáde kí sáà kejì tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí olùkọ́ kò bá lè fi máàkì sílẹ̀ ní àkókò, kí ọ̀gá rẹ̀ bi í ní ìdí. Owó kékeré ni èyí yóò ná kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹ̀yin olùkọ́ girama ní Ṣómólú, ní Bárígà, ní Fádéyì àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin ni ọmọ ń gbọ́ tiyín kí ó tó lọ. A ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣáà rí àyè wọlé. A kì í sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ ni ìdánwò wíwọlé, ọ̀tọ̀ ni sáà àkọ́kọ́, àti pé 40 tí ó jẹ́ àyégé ní girama, ní pólítẹ́kíníìkì 2.00 péré ni. Wákàtí kan péré ní kíláàsì kẹfà, lẹ́yìn ìdánwò WAEC nígbà tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn, tó láti fi ìṣirò náà hàn wọ́n lójú pátákó.

Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú, a mọrírì fọ́ọ̀mù JAMB tí àwọn aṣáájú yín ń pín lọ́dọọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn àwòrán ẹni tí ó fún ni máa ń tóbi ju ẹ̀bùn náà lọ. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ń mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìbò ọ̀dọ́ ní tòótọ́, kí ó wá àwọn tí ó wà ní sáà kìíní ní agbègbè rẹ̀. Yàrá kan tí iná mọ̀nàmáná kì í ti í kú ní alẹ́, olùkọ́ ìṣirò kan ní ọjọ́ Sátidé, owó ọkọ̀ fún àwọn tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá: èyí wà nínú agbára ìjọba ìbílẹ̀, kò sì tó owó ayẹyẹ kan ṣoṣo. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ yín, kí ẹ sì béèrè iye ọmọ tí ó yege lẹ́yìn fọ́ọ̀mù tí ó pín ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìbéèrè yẹn nìkan yóò ya púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu.

Èyí tí ó kù jẹ́ ti àwọn ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì. Níbi tí ọmọ bá ti ní Lower Credit tí kò jìnnà sí ìlà, kí wọ́n wo ọdún kejì rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n wo àwọn ẹ̀kọ́ tí ó kan ohun tí ó fẹ́ kọ́, bí àwọn wọ̀nyẹn bá sì ti dé Upper Credit, kí wọ́n pè é wá fún ìdánwò tiwọn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n dá a padà. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn jà. Yunifásítì Èkó àti Yabatech lè fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé aládùúgbò ni wọ́n, ọ̀gá méjèèjì sì lè bá ara wọn sọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwé tuntun kan kò sí tí wọn yóò máa tẹ̀. Máàkì sáà kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti wà nínú ìwé máàkì tí pólítẹ́kíníìkì ń dì sínú àpòòwé ránṣẹ́ sí yunifásítì fún gbogbo ẹni tí ó bá gba fọ́ọ̀mù Direct Entry.